Ẹsẹ̀ Tó Ń Tẹ Kílọ́ọ̀ṣì

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ràsáàkì tó ṣẹlẹ̀ sí kì í ṣe ẹni tí í parọ́, kì í tilẹ̀ ṣe ẹni tí í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣakí ló ti ṣẹlẹ̀, lọ́sàn-án gangan, ní ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú ọyẹ́ ọdún 1979.

Mẹkáníìkì ni Ràsáàkì. Abẹ́ igi máńgòrò kan létí ọ̀nà Àgọ́-Àmọ̀dù ló ti ń ṣiṣẹ́, ilé rẹ̀ sì wà lẹ́yìn igi náà. Ó ti di oṣù mẹ́rin tí Àdìjátù ìyàwó rẹ̀ kú. Múnírù ọmọ wọn wà ní Kàdúná, lẹ́tà rẹ̀ kì í sì í wọ́pọ̀. Ó lè di ọjọ́ mẹ́ta kí Ràsáàkì tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ọlágòkè, tíṣà kan láti Àgọ́-Àmọ̀dù, wa ọkọ̀ rẹ̀ dé. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, irú èyí tí wọ́n ń gùn kí a tó gba òmìnira. Láti òkèèrè ni Ràsáàkì ti ń gbọ́ bí jíà rẹ̀ ṣe ń han.

"Bàbá Múnírù, ẹ gbà mí. Kò gba jíà mọ́. Àárọ̀ ọ̀la ni mo sì fẹ́ gbé ìyá mi lọ sí Ìbàdàn. Dókítà fẹ́ bá wọn ṣe ojú wọn."

"Ṣé ó ṣì ń fà bí ẹ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀?"

"Ó ń fà mí lọ ni."

Ràsáàkì fi ọwọ́ tẹ kílọ́ọ̀ṣì náà wò, irin ìtẹ̀ tí awakọ̀ ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ kó tó yí jíà. Ó ń lọ lọ́fẹ̀ẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀ kó tó mú. Ìwọ̀n ìka méjì péré ló yẹ kó lọ kó tó mú.

"Kò bàjẹ́, Tíṣà. Ó dẹ̀ ni. Nọ́ọ̀tì kan wà lábẹ́ tí n ó yí le. Ẹ padà wá kí oòrùn tó wọ̀."

Ọlágòkè lọ kí àna rẹ̀ nínú ìlú. Gbogbo àdúgbò ti lọ kírun Jímọ̀; iṣẹ́ Tíṣà ni kò jẹ́ kí Ràsáàkì lọ. Ọ̀nà dá. Eruku ọyẹ́ bo ojú oòrùn títí ó fi funfun bí àwo. Kò sí ẹyẹ. Kò sí ewúrẹ́ pàápàá.

Ràsáàkì fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè, ó ki òkúta sábẹ́ táyà, ó wọ abẹ́ rẹ̀. Ó yí nọ́ọ̀tì náà le díẹ̀. Iṣẹ́ ẹni méjì ni: ẹnì kan nísàlẹ̀ tí yóò máa wo apá irin tó ń ti kílọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan lókè tí yóò máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Àdìjátù ló máa ń tẹ̀ ẹ́ fún un. Á sọ ọbẹ̀ kalẹ̀, á wá. Ẹnu Ràsáàkì gbàgbé pé kò sí mọ́.

"Tẹ̀ ẹ́," ló wí.

Apá irin náà rìn.

Ó rọra rìn dé òpin, ó dúró síbẹ̀. Nígbà tó yá, Ràsáàkì sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́:

"Fi í sílẹ̀."

Ó padà.

Ràsáàkì fi ìkánjú fa ara rẹ̀ jáde lábẹ́ ọkọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìgúnpá rẹ̀ bó. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí àga. Nínú eruku tó yí ọkọ̀ ká, ipa ẹsẹ̀ tirẹ̀ àti ti Ọlágòkè nìkan ló wà.

"Àdìjátù?"

Ọkàn rẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ìyàwó rẹ̀. Gbà ni Àdìjátù máa ń tẹ̀ ẹ́, bí ẹni ń pa aáyán. Eléyìí rọra tẹ̀ ẹ́, bí ẹni tó mọ iṣẹ́.

Ó yẹ kó sá. Ó wo ọ̀nà. Ó wo ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ tó wà ní títì. Ó ro ti ìyá arúgbó tó fẹ́ ríran. Àmọ́ ìyẹn nìkan kọ́ ló dá a dúró, òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ níkẹyìn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti dá a lóhùn.

Ó wọ abẹ́ ọkọ̀ padà.

"Tẹ̀ ẹ́." Ó rìn. "Fi í sílẹ̀." Ó padà. Ó yí nọ́ọ̀tì, wọ́n tún ṣe é. Láàárín iṣẹ́, Ràsáàkì ń sọ̀rọ̀: ọ̀rọ̀ Múnírù, ọ̀rọ̀ bí ilé ṣe máa ń dákẹ́ bó bá ti kírun àṣálẹ́ tán. Kò sẹ́ni tó fèsì. Àmọ́ kò jọ pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́.

Iṣẹ́ parí. Ó jáde, ó jókòó sáyè awakọ̀ láti dán an wò. Ó tan ẹ́ńjìnì, ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó ki jíà kìíní bọ̀ ọ́. Ó wọlé wọ́ọ́rọ́. Ó yọ ọ́, ó pa ẹ́ńjìnì.

Ìgbà náà ló gbọ́ ọ. Lábẹ́ ọkọ̀. Sípánà ń kan irin. Kó. Kó.

Ó wo itan rẹ̀. Sípánà tirẹ̀ wà níbẹ̀.

Ohùn kan wí láti ìsàlẹ̀, bí ohùn ẹni tó ti rẹ̀:

"Tẹ̀ ẹ́."

Ẹsẹ̀ òsì Ràsáàkì gbéra. Ó tẹ̀ ẹ́, ó dì í mọ́lẹ̀.

Oòrùn ń rẹlẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì ṣì wà mọ́lẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbọ́ ìró bàtà Ọlágòkè lójú ọ̀nà, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin méjèèjì! Bàbá Múnírù, ta lẹ rí tó ń bá yín ṣe é? Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mò ń wò lábẹ́ ọkọ̀."

Ràsáàkì kò gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò tíì ní kó fi í sílẹ̀.