Bébà Abẹ́ Èkù Idà

"Chizuru, ṣé orí okùn lo fẹ́ kú sí ni? Gbogbo èèyàn ti wà létí odò o!"

Konomi, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Iná aláràbarà ni wọ́n fẹ́ yìn sójú ọ̀run nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Chizuru kò gbójú sókè. Èkù idà ojúbọ ìlú Seki ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Okùn ara rẹ̀ ti gbó, ọdún ìlú sì ku ọ̀tunla. Ìdílé wọn ló ń wé e láti ìran dé ìran, ṣùgbọ́n àìsàn ti mú ọwọ́ ọ̀tún bàbá rẹ̀ àgbà. Nígbà tí Chizuru ní òun á wé e, Ọ̀gbẹ́ni Kuwabara, olùkọ́ idà tí yóò fi idà náà bẹ́ ẹní lọ́jọ́ ọdún, bú sẹ́rìn-ín: "Ọmọ yìí kẹ̀? Bó bá bà á jẹ́, ìlú ńlá la ó máa gbé e lọ láti ìsinsìnyí lọ."

Chizuru gbé ẹ̀gàn náà mì, ó sì mú iṣẹ́. Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni.

Okùn sẹ́dà dúdú ló ń fà lé awọ ẹja funfun tó bo èkù náà. Ère lámilámi kékeré kan tí wọ́n fi wúrà ṣe wà lábẹ́ okùn náà. Wọ́n ní lámilámi kì í fò sẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí àwọn jagunjagun fi fẹ́ràn rẹ̀. Níbi tí okùn bá ti gba orí ara wọn kọjá, bébà kékeré tí a ká ṣinṣin gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, kí okùn má bàa yẹ̀. Bébà kíká yìí ló ń jẹ àkókò.

"Ta ló máa rí bébà?" ni Konomi wí. "Fò ó, jàre!"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí Chizuru. Ó fo bébà níbi tó kù, ó ta kókó, ó sì sáré lọ wòran.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ẹni tó yà sí ṣọ́ọ̀bù wọn ló ń yin iṣẹ́ náà. Ìyìn ọ̀hún ń ta á lára. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó di èkù náà mú, ó fi agbára yí i. Okùn sún. Bí idà bá bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Kuwabara láàárín èrò ńkọ́?

Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀ àgbà. "Bàbá, ẹ dákun. Mo fo bébà." Ó sì mú sísọ́ọ̀sì.

"Orí ẹ dàrú ni?" ni Konomi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ké. "Ọ̀la lọdún! Ṣebí lámilámi kì í padà sẹ́yìn?"

"Ta ló ń padà sẹ́yìn? Ọ̀nà tí mo ṣì ni mò ń fi sílẹ̀." Ó gé okùn náà dànù.

Bàbá kò bú u. Ọwọ́ òsì ló fi na bébà sí Konomi: "Ìwọ tẹ́nu ẹ mú bí abẹ yìí, jókòó, kó o máa ká a, kí Chizuru máa wé e."

Lọ́jọ́ ọdún, Ọ̀gbẹ́ni Kuwabara fi omi ra ọwọ́ lójú gbogbo ìlú. Ó yí èkù náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Okùn kò sún. Ó gbé idà sókè, ó bẹ́ ẹní koríko tí wọ́n ká, ó tún bẹ́ òmíràn, títí kò fi ku ẹyọ kan. Ariwo sọ!

Ó rìn lọ bá Chizuru, ó sì tẹ orí ba fún un, àgbà fún ọmọdé.

"Ọwọ́ mi ò yẹ̀ rárá. Ìdílé yín ni yóò máa wé e lọ."

"Èmi ni mo ká bébà o!" ni Konomi fi igbe bọnu, gbogbo ojúbọ sì rẹ́rìn-ín. Ayọ̀ pọ̀ lójú Chizuru débi pé ó ń sunkún. Iṣẹ́ tí a bá ṣe dáadáa níbi tójú ò tó, òun ni í gbeni lójú èrò.