Kàfáyá, Ilẹ̀kùn Sẹ́ẹ̀lì

"Kàfáyá, ìwọ ni ilẹ̀kùn."

Bí Màdáàmù Hàdìzà ṣe sọ̀rọ̀ yìí lábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kàfáyá náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú rẹ̀ kò dùn tó ẹnu rẹ̀. Ó ti ń retí pé wọn yóò fi òun ṣe ṣúgà, kí òun máa jó wọlé níṣojú gbogbo ènìyàn. Ta ló ń wo ilẹ̀kùn?

Ilé-ẹ̀kọ́ girama wọn, ní àdúgbò Poudrière ní ìlú Niamey ní ilẹ̀ Niger, ń múra sílẹ̀ de ọjọ́ tí àwọn òbí yóò wá wo iṣẹ́ àwọn ọmọ wọn. Kíláàsì tí tirẹ̀ bá dára jù ni wọn yóò kó lọ sí Kouré lọ wo àgùnfọn. Àwọn kíláàsì mìíràn ń ya àwòrán, àwọn kan ń fi amọ̀ mọ nǹkan. Màdáàmù Hàdìzà, tó ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí, ní tàwọn yóò yàtọ̀. Àwọn ọmọ fúnra wọn ni yóò di sẹ́ẹ̀lì, ohun bíńtín tí a fi mọ gbogbo ara ènìyàn, tí ojú lásán kò lè rí.

Eré náà rọrùn. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ṣe agbo ńlá. Àwọn ni awọ tó yí sẹ́ẹ̀lì ká. Àwọn tó wọ aṣọ búlúù ni omi. Omi kì í tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, abẹ́ apá àwọn tó di ara wọn mú ló ń gbà kọjá. Àwọn ṣúgà ń rìn ní méjì-méjì, wọ́n so ọwọ́ pọ̀, wọ́n sì kó èso dàbínù sápò. Àwọn kò lè gba abẹ́ apá, àfi bí Kàfáyá bá ṣílẹ̀kùn fún wọn. Bí wọ́n bá ti wọlé, Ezra, ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró sójú kan, yóò tú ọwọ́ wọn, yóò sì gba dàbínù náà. Ezra ni ẹ́ńsáìmù, òṣìṣẹ́ tí ń tú oúnjẹ palẹ̀ kí agbára inú rẹ̀ lè jáde. Bó ti wù kó ṣiṣẹ́ tó, òun fúnra rẹ̀ kì í tán. Yóò wá pín dàbínù fún àwọn géńdé méjì tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa ti iyọ̀ síta, nítorí ẹni tí kò jẹun kò lè ti ẹnikẹ́ni.

"Àwa iyọ̀ ńkọ́, Màdáàmù?" Fàrídà béèrè. Aṣọ funfun ló wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ìta ni tiyín," ni Màdáàmù dáhùn. "Bí ọ̀kan bá yọ́ wọlé, wọn yóò tì í jáde. Ẹ̀yin omi, ẹ fetí sílẹ̀. Ibi tí iyọ̀ bá pọ̀ sí ni kí ẹ máa wọ́ lọ."

Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni Kàfáyá àti Fàrídà. Àgbàlá kan náà ni wọ́n ti dàgbà ní àdúgbò Boukoki. Bí wọn kò bá fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbọ́ ọ̀rọ̀, Yorùbá, èdè ilé wọn, ni wọ́n ń sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Faransé máa ń yọjú sí i. Ọmọ dáadáa ni Kàfáyá, àmọ́ ó ní ìṣòro kan: kò mọ bí a ṣe ń sọ pé rárá. Ẹni tó bá ní kó yá òun ní bàtà, yóò bọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá ní kó bá òun ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, yóò ṣe tirẹ̀ tán, yóò tún ṣe ti onítọ̀hún. Ìyá rẹ̀ a máa sọ pé, "Kàfáyá, ojú àánú dára o, ṣùgbọ́n bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀." Kàfáyá a kàn fi ẹ̀rín dáhùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ eré, inú takisí ni Fàrídà ti tẹnu bọ̀rọ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi, Bọ̀dá Ṣítù àgbàlá wa máa fi fóònù ká eré yìí, ó máa fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Zàlìhà, ní Cotonou. Ó ti pẹ́ gan-an tó rí mi kẹ́yìn. Ẹ̀yìn agbo ni wọ́n kó àwa iyọ̀ sí, kò ní rí ju orí mi lọ. Ṣáà jẹ́ kí n wọlé kí n dúró láàárín."

"Màdáàmù ní iyọ̀ ò gbọdọ̀ gba ilẹ̀kùn wọlé."

"Iyọ̀ kan péré! Kí ni iyọ̀ kan fẹ́ bàjẹ́? Àbí o ò fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi rí mi ni?"

Kàfáyá yíjú síta, ó ń wo ràkúnmí kan tó ru ẹní lọ lẹ́bàá títì. Ọ̀rọ̀ náà "rárá" dé ọ̀fun rẹ̀, ó tún padà sínú.

"Ó dáa," ló sọ.

Àwọn òbí ti kún ọgbà nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀. Àlàájì Àmúdà, bàbá Kàfáyá, ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa ní ọjà Wadata, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì jókòó síwájú. Gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Omi ń wọlé, omi ń jáde. Ṣúgà ń jó wọlé, Ezra ń fò káàkiri bí ẹlẹ́ńgà, ó ń tú ọwọ́, ó ń pín dàbínù. Àwọn òbí ń pàtẹ́wọ́.

Ìgbà náà ni Fàrídà rìn dé ẹnu ọ̀nà. Kàfáyá gbé apá sókè. Fàrídà wọlé, ó dúró gbọn-in láàárín agbo, ó ń juwọ́ sí fóònù.

"Ṣé òun nìkan ni iyọ̀ ni?" ni Ìsà sọ, ọmọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan tóun náà wọ aṣọ funfun. "Kàfáyá, ṣí fún èmi náà!"

Báwo ló ṣe fẹ́ kọ̀ fún Ìsà nígbà tó ti ṣí fún Fàrídà? Ìsà wọlé. Ni gbogbo iyọ̀ bá ya tẹ̀ lé e. Àwọn géńdé méjì bẹ̀rẹ̀ sí í tì wọ́n, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ti ọ̀kan jáde ni mẹ́ta ń wọlé, dàbínù sì ti tán lọ́wọ́ Ezra. Àwọn omi kò sì gbàgbé ohun tí Màdáàmù sọ. Wọ́n rí i pé inú ni iyọ̀ pọ̀ sí, ni wọ́n bá rọ́ wọlé wììì! Agbo ń wú, ó ń wú.

"Ẹ di ọwọ́ mú o!" ni ẹnì kan kígbe.

Ọwọ́ já. Agbo bẹ́ gbàù! Eruku sọ, gbogbo sẹ́ẹ̀lì wó lu ara wọn, Fàrídà ló sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ewúrẹ́ kan tó ti ń ṣọ́ wọn látàárọ̀ sáré wọ àárín, ó ń ṣa dàbínù tó dà sílẹ̀ lápò àwọn ṣúgà jẹ. Àwọn òbí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Kàfáyá nìkan ló ṣì wà lórí ìdúró, apá rẹ̀ ṣì ga sókè. Ó rí Màdáàmù Hàdìzà tó fọwọ́ bo ẹnu.

"Sọ pé omi ló tì wá ṣubú," Fàrídà sọ wúyẹ́wúyẹ́ láti ilẹ̀.

Kàfáyá wo àwọn omi, wọ́n ń gbọn erùpẹ̀ kúrò lára aṣọ wọn. Ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe ni wọ́n ṣe. Ó rìn bọ́ síwájú. Ó sọ̀rọ̀ ní Faransé, ó tún un sọ ní Zarma, èdè ìlú náà, nígbà tí ojú rẹ̀ sì kan ti ìyá rẹ̀, ó sọ ọ́ ní Yorùbá tó ń kọsẹ̀ díẹ̀:

"Ẹ má bínú. Omi ò ṣẹ̀. Èmi ni ilẹ̀kùn, èmi ni mo ṣí fún ẹni tí kò yẹ. Nígbà tí iyọ̀ wọlé, omi tẹ̀ lé e, sẹ́ẹ̀lì wú, ó bẹ́. Bó ṣe máa ń rí nínú ara gan-an nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

Àlàájì Àmúdà ló kọ́kọ́ dìde, ó pàtẹ́wọ́. "Ọmọ mi káre, kò purọ́!" ló ń wí. Àwọn òbí yòókù dìde tẹ̀ lé e.

Wọ́n tún eré náà bẹ̀rẹ̀. Ṣé Fàrídà ṣì ń fẹ́ àárín agbo? Ó tún rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó ń ṣẹ́jú. Kàfáyá sọ apá sílẹ̀.

"Rárá, Fàrídà. Ìta ni tìẹ."

Lójijì ni Fàrídà bú sẹ́rìn-ín, ó yí padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó yí agbo ká níta, tòun ti erùpẹ̀ orí rẹ̀. Àwọn iyọ̀ yòókù to sẹ́yìn rẹ̀. Bọ̀dá Ṣítù gbé fóònù, ó ń sáré tẹ̀ lé e kiri. Kò sẹ́ni tí Àǹtí Zàlìhà rí nínú fídíò náà bíi Fàrídà. Ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ronú kàn nìyẹn: kí wọ́n ní kí Bọ̀dá Ṣítù bọ́ sí ẹ̀yìn agbo.

Ṣùgbọ́n àwọn tó fi amọ̀ mọ odò Ọya ni wọ́n kó lọ sí Kouré. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní eré ti Màdáàmù Hàdìzà dára, àmọ́ bíbẹ́ tó bẹ́ ti gba máàkì lọ́wọ́ wọn. Ó dun àwọn ọmọ kíláàsì, àwọn kan kò sì bá Kàfáyá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó bẹ̀ wọ́n, kò wá àwáwí kankan. Nígbà tí ọ̀gá wá ní kí wọ́n ṣe eré náà fún àwọn ọmọ kíláàsì kékeré, inú wọn yọ́. Àwọn ọmọ kékeré náà ń pariwo pé, "Ẹ bẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i! Ẹ bẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i!" Gbogbo wọn sì bẹ́ tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Rárá tí o sọ yẹn dùn mí díẹ̀," Fàrídà wí bí wọ́n ṣe ń lọ sílé.

"Ó dun èmi náà."

"Ṣùgbọ́n ó tọ́ sí mi." Wọ́n so ọwọ́ pọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ.

Nígbà ìdánwò tó tẹ̀ lé e, Ìsà fi ìgúnpá gún Kàfáyá pé kó fi ìdáhùn han òun. Kàfáyá mirí. Nígbà tí wọ́n jáde, ó pè é jókòó, ó ṣàlàyé ìbéèrè náà fún un títí ó fi yé e yékéyéké.

Sẹ́ẹ̀lì tó bá ṣí sílẹ̀ fún gbogbo nǹkan yóò bẹ́. Èyí tó bá sì ti gbogbo ilẹ̀kùn pa, ebi ni yóò pa á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ ènìyàn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ lawọ́, ẹ ṣàánú, ṣùgbọ́n ẹ mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ sọ pé rárá. Ọ̀rẹ́ tòótọ́ kì í torí ìyẹn fi wá sílẹ̀.