Ọjọ́ Tí Doña Nereida Kò Bọ́ọ́lẹ̀ ní La Jagua

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kọkànlá ọdún 2016, Ìyáàfin Nereida Marmolejos, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Doña, gun òkè La Jagua lórí alùpùpù láti ìsàlẹ̀ dé òkè pátápátá, kò sì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó ti tó ọdún mẹ́rin àti oṣù méjì tó ti dé ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lórí òkè náà kẹ́yìn.

Àwọn ará abúlé Los Naranjitos mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Òkúta ńlá kan wà ní ìdí òkè náà, Bájate ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ìyẹn ni Bọ́ọ́lẹ̀ ní èdè wọn. Kò sí ọlọ́kadà tí kì í sọ ọ̀rọ̀ yìí fún èrò rẹ̀ níbẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì kékeré tí wọ́n ń pè ní 70 tó wà lára alùpùpù wọn kò lè gbé èèyàn méjì gòkè. Èrò á bọ́ọ́lẹ̀, á máa fẹsẹ̀ rìn bọ̀, ọlọ́kadà á gbé ẹrù ṣíwájú lọ dúró dè é. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò bá dá ṣáṣá, ilé ló máa jókòó sí.

Orúnkún Doña Nereida kò dá ṣáṣá. Bẹ́ẹ̀, òun ló ń dá orin fún àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì náà láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún. Láàárín ọdún mẹ́rin yìí, ẹlòmíràn ló ń dá a. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti orí òkè láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ìyá náà á máa gbọ́ wọn láti ilé ìdáná rẹ̀, á sì sọ ohun kan náà pé, "Wọ́n tún ti ń sáré ẹsẹ kejì."

Ercilio, ọmọ rẹ̀, máa ń gbọ́. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, ọ̀kadà ló ń gùn jẹun. Kò kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì rí, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ọ̀tì kan lára alùpùpù rẹ̀ tí kò tíì tú rí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ó lọ ra ẹ́ńjìnnì 125 àlòkù kan, tó lágbára ju 70 lọ, ní ìlú Constanza, ó dì í sínú àpò pòtétò, ó sì gbé e wálé.

Ẹ̀yìnkùlé ló ti ṣe iṣẹ́ náà. Ó ju okùn kọ́ ẹ̀ka igi píà, ó so ẹ́ńjìnnì àtijọ́ mọ́ ọn, ó tú u, ó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí táyà. Ọ̀nà kan náà ló gbà fa tuntun sókè. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í, ó ń ṣa òtìlí nínú abọ́.

"Ṣé ó máa wọ̀ ọ́?" ni ìyá bi í.

"Ó ti fẹ́ wọ̀ ọ́, màámi."

Ihò tí wọ́n fi ń de ẹ́ńjìnnì mọ́ ara alùpùpù bára mu níwájú. Ti ẹ̀yìn fi ìbú àtàǹpàkò kan yẹ̀. Ercilio wọlé, ó gé irin lára bẹ́ẹ̀dì tí bàbá rẹ̀ ń sùn sí nígbà ayé rẹ̀, ó lu ihò sí i, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì fi de ẹ́ńjìnnì náà mọ́lẹ̀. Ìgbà kẹta tó ta á nípàá ni ó dáhùn. Àwọn aládùúgbò jáde síta. Ẹnì kan ní ìró rẹ̀ dà bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù, òmíràn béèrè bóyá màlúù ló kù tí yóò máa fi kó. Ercilio bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi ń nu ẹ́ńjìnnì náà.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú ọjọ́ Àìkú náà, Fior Daliza yà wá kí wọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Ercilio ni. Láti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́ alẹ́ lẹ́yìn tó bá ti fa aáyù lóko láti àárọ̀. Nísinsìnyí, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ ní àtúnṣe alùpùpù ní ìlú. Ó yí alùpùpù náà po lẹ́ẹ̀mejì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀.

"O ṣiṣẹ́ gan-an," ó ní. "Bíréèkì ńkọ́?"

"Bíréèkì wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹnikẹ́ni ò jí i gbé."

"Bíréèkì 70 ni."

"Òun náà ló ti ń dá mi dúró láti ọdún mẹ́sàn-án."

"Ìwọ àti ẹrù díẹ̀ ló ń dá dúró ní òkè yẹn. Ta lo fẹ́ gbé lọ́la?"

Aṣọ funfun ìyá Ercilio, tí wọ́n ti lọ̀, wà lára ilẹ̀kùn níbi tí wọ́n gbé e kọ́ sí. Fior rí i. Ó ní kí Ercilio gbé ìyá gòkè bí kò bá lè ṣe kó má gbé e, ṣùgbọ́n kí ìyá dúró níbẹ̀, òun á bá awakọ̀ kan tó ń kó aáyù sọ̀rọ̀, ọkọ̀ rẹ̀ yóò sì gbé ìyá sọ̀ kalẹ̀. Ercilio ní ìyá òun kò ní ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ lórí aáyù.

"Mo ti jókòó lórí ohun tó burú ju aáyù lọ," ni Doña Nereida sọ, ó sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Ercilio ti pinnu.

Lọ́jọ́ kejì, ọlọ́kadà mẹ́ta dúró ní Bájate, èrò wọn ti wà nílẹ̀. Ercilio kò dẹ eré. Ọ̀kan nínú wọn fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó kígbe pé, "Ẹ bọ́ọ́lẹ̀, Doña!" Ìyá kò wẹ̀yìn. Ó kàn gbé ọwọ́ sókè sí wọn bíi bíṣọ́ọ̀bù tó ń súre.

Nígbà tí wọ́n dé òkè, àwọn obìnrin pín sí méjì kí ó lè kọjá. Ó dá orin, kò sì sáré ẹsẹ kejì. Ercilio dúró lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú epo dúdú nínú èékánná rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ojú rẹ̀.

Nígbà tí ìsìn parí, ó ṣe ohun tí gbogbo ọlọ́kadà abúlé náà ń ṣe. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní La Jagua, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n á fi jíà sí fúríì, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè á sì gbé wọn dé Bájate láìjó epo. Ọdún mẹ́sàn-án ni Ercilio ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí àwọn obìnrin fún un wà lẹ́yìn ìyá.

Ní kọ́nà àkọ́kọ́, bíréèkì dá wọn dúró. Ní ìkejì, ó ń rùn bí ohun tó ń jóná. Ní ìkẹta, Ercilio tẹ̀ ẹ́ títí kan ìdí, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ó ní kí ìyá òun di òun mú. Ó ta jíà wọlé. Alùpùpù náà fò, irin bẹ́ẹ̀dì tẹ̀, ṣéènì sì bọ́. Ọ̀gbun wà lọ́tùn-ún. Ó darí rẹ̀ sí ara ògiri amọ̀ tó wà lósì, wọ́n sì ṣubú síbẹ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, kò sí ẹni tí ì bá rí wọn gbé lọ sí ilé ìwòsàn.

Lọ́jọ́ Ajé, Fior padà wá sí ẹ̀yìnkùlé náà. Kò sọ pé òun ti wí i. Ó tú táyà ẹ̀yìn, ó yọ ṣúù bíréèkì méjèèjì tó ń fún táyà mú, ó kó wọn lé Ercilio lọ́wọ́. Wọ́n ti dúdú, wọ́n sì ń dán bí abọ́ tánganran.

"Ẹ́ńjìnnì yẹn lágbára láti gbé èèyàn méjì gòkè," ó ní. "Àwọn kékeré yìí nìkan lo fi sílẹ̀ láti mú èèyàn méjì sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n gbóná títí wọn ò fi lè di nǹkan kan mú mọ́. Ẹni kẹta tí ì bá ràn wọ́n lọ́wọ́, o ti pa á."

"Ẹni kẹta wo?"

"Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Ká ní ó ń ṣiṣẹ́, tí o sì fi í sí jíà kejì láti òkè, òun ni ì bá máa fa táyà sẹ́yìn. O gbé alágbára wálé, nígbà tí iṣẹ́ dé, o ní kó lọ sùn."

Ó tún fi irin tó tẹ̀ náà hàn án. Ó ní ẹni tó ń sùn ni wọ́n ṣe irin bẹ́ẹ̀dì fún. Ó ka nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì náà sókè, ó ní kí ó mú ìwé alùpùpù rẹ̀ wá. Nọ́ńbà méjèèjì kò bára mu. Bí ọlọ́pàá bá dá a dúró, ohun tí wọ́n máa rí ni alùpùpù tí ẹnì kan fi ẹ́ńjìnnì tí ó jí sí.

Ercilio gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í. "Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ mi ò dára ni?"

"Ó dára," ni Fior dáhùn. "Kò tíì parí ni."

Wọ́n parí rẹ̀. Wọ́n wá táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn tó ní bíréèkì ńlá, èyí tí wọ́n ṣe fún 125. Wẹ́dà kan ní ìlú gé irin tó nípọn, ó sì jó o mọ́ ibi tó yẹ. Ercilio mú ìwé tí ẹni tó ta ẹ́ńjìnnì fún un kọ lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ alùpùpù sílẹ̀, wọ́n yẹ alùpùpù náà wò, wọ́n sì kọ nọ́ńbà tuntun sínú ìwé rẹ̀. Yàtọ̀ sí irin jíjó, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe gbogbo ìyókù, lábẹ́ igi píà kan náà.

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejìlá, Doña Nereida tún wọ aṣọ funfun. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣì wà nínú báńdéèjì láti ọjọ́ tí wọ́n ṣubú. Àwọn kan ní kó dúró sílé. Ó ní òun ti dúró tó. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, gbogbo abúlé gbọ́ ẹ́ńjìnnì Ercilio tó ń kùn nínú jíà kejì, díẹ̀díẹ̀, láti ṣọ́ọ̀ṣì títí dé Bájate. Àwọn ọlọ́kadà tó wà níbẹ̀ dìde dúró. Lónìí, ẹgbẹ́ wọn ti kọ ọ́ sára pákó lórí òkè pé: MÁ PA Á, FI JÍÀ SÍ I. Ercilio ti bá mẹ́fà nínú wọn pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Kí ó tó ju okùn kọ́ igi, á kọ́kọ́ béèrè pé, "Bíréèkì ńkọ́?"

Ìwọ tí o fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì ńlá sí alùpùpù rẹ nílé, kò sẹ́ni tó ní o kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n pààrọ̀ bíréèkì lọ́jọ́ kan náà tí o bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Jẹ́ kí wẹ́dà tó mọṣẹ́ jó irin tó máa dì í mú. Má gé e lára ohun tó wà nínú ilé. Gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún ọ, kí o sì lọ yí nọ́ńbà padà kí o tó gbé èrò. Bí o bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, epo tí o fẹ́ ṣọ́ lò kò tó nǹkan. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́. Títí iṣẹ́ á fi parí, sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ pé kó bọ́ọ́lẹ̀, ì báà jẹ́ ìyá rẹ.

Ohun tó sọnù ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kọkànlá ni ìka méjì ní ọwọ́ òsì Doña Nereida, èyí tó kéré jù àti èyí tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú òrùka ìgbéyàwó tó wà ní ìka kejì náà. Wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta wá òrùka náà nínú koríko. Wọn kò rí i.