Iná Kékeré Tó Ń Mí

Ọjọ́ tí Wáyà, atúnláptọ́ọ̀pù-ṣe, kọ́kọ́ pàdé obìnrin aránṣọ kan, kò wojú ẹ̀ rárá. Láptọ́ọ̀pù tó gbé dání ló tẹjú mọ́. Irú ẹ̀ náà nìyẹn. Ẹ pè é síbi ìgbéyàwó, sípíkà ni yóò máa wò, kò ní mọ ìyàwó. Okùn ṣájà kì í kúrò lọ́rùn ẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, ibẹ̀ lorúkọ ti wá.

"Kì í gbaná," lobìnrin náà wí.

"Ẹ ti gbìyànjú sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn?"

"Ti pálọ̀, ti yàrá, ti kíṣìnnì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Tí mo bá ki ṣájà bọ̀ ọ́, á kú pátápátá. Tí mo bá yọ ọ́, iná ẹ̀ á tàn."

Wáyà gbójú sókè. Ìgbà yẹn ló tó rí ojú tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

"Ẹ jẹ́ kí n wá wò ó nílé," ló wí. Bẹ́ẹ̀, inú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ gan-an ni wọ́n dúró sí o!

Ọkọ obìnrin náà tó ti kú ló ni láptọ́ọ̀pù ọ̀hún. Òun àti ìyá ọkọ ẹ̀ ló kù nílé, láptọ́ọ̀pù sì wà lórí tábìlì tí olóògbé ti máa ń ṣiṣẹ́. Wáyà fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbígbẹ nu ihò ṣájà. Ó pààrọ̀ ṣájà. Ó tú ìdí ẹ̀, ó yọ bátìrì tó ti wú bíi búrẹ́dì, ó tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ pẹ́ títí kí iná tó ṣẹ́kù sínú ẹ̀ lè gbẹ. Nígbà tí kò sóhun tó kù láti ṣe mọ́, ó ṣì ń wá sílé wọn.

"Kí lẹ fẹ́ tún ṣe lónìí?" lobìnrin náà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Mo ní kí n wò ó bóyá omi yín ṣì tutù."

Díẹ̀díẹ̀, "ọ̀gá" tó ń pè é di "Wáyà mi."

Ṣùgbọ́n iná kékeré ẹ̀gbẹ́ láptọ́ọ̀pù kò kú. Kò sí bátìrì, kò sí ṣájà, ọ̀sán gangan, ó ń tàn, ó ń wálẹ̀, ó ń tàn, ó ń wálẹ̀, bí ẹni tó sùn tó ń mí. Tí obìnrin náà bá rẹ́rìn-ín sí Wáyà, iná náà á yára. Irun ọrùn Wáyà á sì dìde.

Nígbà tí wọ́n sọ fún ìyá ọkọ pé àwọn fẹ́ fẹ́ra, Ìyá fa àga sún mọ́ tábìlì, ó kọjú sí Wáyà.

"Mo fẹ́ràn ẹ, ọmọ yìí. Àmọ́ ìyàwó ọmọ mi lẹni tó o fẹ́ fẹ́. Ṣé o ò rí i pé ọkọ ẹ̀ ò tíì lọ ni? Ọjọ́ tí iná yìí bá kú, ẹ fẹ́ra."

Obìnrin náà sunkún. "Ìwọ ni mo fẹ́, Wáyà mi, àmọ́ mi ò lè fi Ìyá sílẹ̀ pẹ̀lú iná yìí."

Lọ́jọ́ kejì, bí Ìyá ṣe wọ kíṣìnnì, Wáyà yọ ẹ̀mú tó fi ń gé wáyà. Ẹsẹ̀ iná náà, irin tín-ín-rín tó gbé e dúró, ló kàn máa gé. Ta ló máa mọ̀? Bó ṣe ki ẹnu ẹ̀mú bọ inú ẹ̀, iná náà dúró. Kò kú o. Ó kàn dúró, bí ẹni tó sé èémí. Yàrá tutù nini. Wáyà rọra dá ẹ̀mú padà sápò.

"Ìyá," ló wí nígbà tí Ìyá padà dé pẹ̀lú obìnrin náà, "mo tẹ bọ́tìnnì yìí kí iná tó ṣẹ́kù lè jáde. Ìyàwó yín náà tẹ̀ ẹ́. Kò gbà. Bóyá ọwọ́ yín ló ń retí."

Ìyá wo ìka ara ẹ̀ títí. "Ṣé kò ní dùn ún?"

"Rárá, Ìyá. Ìsinmi ni."

Ìyá fìka lé e. "Ọmọ mi, o ti gbìyànjú. Èmi ni mi ò jẹ́ kó o lọ. Máa lọ, má wẹ̀yìn."

"Ìyá, ẹ̀ ń bá wa lọ sílé wa," lobìnrin náà wí pẹ̀lú omijé.

"Àbí kí n dá jókòó sílé òfìfo? Ta ló máa ṣọ́ ọkùnrin tó mu wá lómi gbẹ yìí?"

Iná náà mí. Ó pẹ́ kó tó tún mí. Lẹ́yìn náà, kò mí mọ́. Fáànù inú láptọ́ọ̀pù, tí kò sí iná kankan nínú ẹ̀, yí lẹ́ẹ̀kan, ó fẹ́ atẹ́gùn lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí ìka Ìyá, ó dákẹ́.

"Ẹ lọ mú ọjọ́," Ìyá wí, ó nujú nù.

Wáyà nawọ́ sí ṣájà olóògbé tó ti wà lórí ìṣó tipẹ́, tí kò sí nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó gbóná, bí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" lobìnrin náà bi í.

"Kò sẹ́ni kankan, olólùfẹ́ mi."

Ó ká okùn náà jẹ́jẹ́ sórí tábìlì. Nínú gbogbo wáyà tó ti fọwọ́ kàn láyé ẹ̀, ọ̀kan yẹn nìkan ni kò gbé kọ́rùn.