Fóònù Ọ̀gá Iná

Orí àkàbà ni ọ̀dọ́mọkùnrin aránṣọ kan ti kọ́kọ́ rí ọmọbìnrin oníṣẹ́ iná náà, tó fi eyín di wáyà mú, tó ń tú bíréékà àtijọ́, ẹ̀rọ tó ń já iná, kúrò lára ògiri ilé ìyá aránṣọ.

"Mo rò pé ọkùnrin ni wọ́n máa rán wá."

"Ṣé iná máa ń bèèrè ni?"

Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bíréékà tuntun náà gbọ́n. Bí iná bá fẹ́ ṣe ìjàǹbá, á já iná náà, á sì fi ìdí rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù láìsí wáyà láàárín wọn. Fóònù ara rẹ̀ ni ọmọbìnrin náà fi dán an wò. Ó yẹ kó fi ti onílé rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín aránṣọ kò jẹ́ kó rántí.

Oṣù méjì kò pé tí wọ́n fi di "Ọ̀gá Iná mi" àti "Alábẹ́rẹ́ mi" fún ara wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, iná já. Kí ẹnikẹ́ni tó pè é, Ọ̀gá Iná ti sáré dé.

"Ta ló sọ fún ọ?" ni Ìyá Aránṣọ bèèrè.

"Fóònù mi ni, Màmá. Ó ní..."

"Ẹ gbọ́! Òun ló ń ti orí fóònù pa iná mi, kó lè rídìí wá wo ọmọ mi! Má dé ibí mọ́. Lọ́la, bíréékà àtijọ́ ń padà sógiri!"

Ẹni tó wá dáàbò bo ilé ni wọ́n lé bí olè, wọn kò tilẹ̀ jẹ́ kó parí gbólóhùn kan!

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá Iná padà wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ẹ̀bi mi ni pé mo gbàgbé fóònù mi síbẹ̀. Ẹ má bínú. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ka iṣẹ́ tí bíréékà rán sórí fóònù mi lánàá, kí ẹ tó dá èyí àtijọ́ padà."

Aránṣọ kà á sókè: "Iná ń jò lára ohun èlò, agogo mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀." Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Màmá, aṣọ lẹ ń lọ̀ nígbà yẹn."

Ìyá tú àkísà tó ti wé mọ́ wáyà áyọ́ọ̀nù tí olóògbé ọkọ rẹ̀ rà fún un. Wáyà náà ti bó gbòò.

"Iná ì bá gbé mi!"

"Wáyà nìkan ló bàjẹ́, Màmá. Màá pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ò ní ju ẹ̀bùn Bàbá nù." Ó tẹ fóònù tirẹ̀ àti ti Aránṣọ. "Mo ti yọ tèmi. Ti ọmọ yín ló wà níbẹ̀ báyìí."

"Dá tìrẹ padà."

"Màmá, kò yẹ kí àlejò máa gbọ́ àṣírí iná ilé yín."

"Ta ló pè ọ́ lálejò, ìyàwó mi?"

Aránṣọ ti fa tépù ọrùn rẹ̀ yọ, ó ń wọn ìka Ọ̀gá Iná kan.

"Alábẹ́rẹ́, aṣọ wo lo fẹ́ rán fún ìka?"

"Òrùka ni. Dúró jẹ́ẹ́."

Ọ̀gá Iná, tí kì í dúró lójú kan, dúró jẹ́ẹ́.