Ohùn Lórí Igi Máńgòrò

Àwọn àgbà ní, ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni ni ti ẹni. Ọwọ́ Ephraim, ọmọ ọdún márùn-ún, wà lọ́wọ́ Lois ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì gbé wọn láti àdúgbò Ungwan Romi dé ọgbà ẹranko. Ọyẹ́ bo Kaduna lọ́jọ́ náà. Eruku jẹ́ kí oòrùn ọ̀sán rí bí òṣùpá.

Síbẹ̀, ẹ̀rín pọ̀. Ògòǹgò já bọ́tìnì ẹ̀wù olùkọ́ wọn, ó gbé e mì. Ọ̀bọ kan fọwọ́ bojú bí ẹni ń gbàdúrà. Ayékòótọ́ kan tí kò sí nínú àgò ń fò láti igi dé igi, ó ń kí wọn, "Sannu! Sannu!"

Bàbá Bilal, ará Ìlọrin tó ń tọ́jú àwọn ẹranko, ní, "Ẹ ṣọ́ ẹnu yín o. Ohun tí ẹyẹ yẹn bá gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tirẹ̀ ni."

"Ìyá Ephraim!" Jádesọ́lá, ọ̀rẹ́ Lois, fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ṣé o máa pọ̀n ọ́n lọ wo ìkookò ni? Kúkú fún un lọ́mú!"

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Lois. Ó fi ọwọ́ ọmọ náà sílẹ̀, ó ní, "Dúró síbí," ó sì sáré tẹ̀ lé wọn.

Nígbà tó padà, kò bá a níbẹ̀.

"Ephraim! Ephraim o!"

Lẹ́yìn náà ohùn kan dáhùn láti orí igi máńgòrò, ohùn Lois gan-an: "Ephraim! Ephraim o!" Ó tún ké láti orí igi mìíràn tó jìnnà sí i.

Jádesọ́lá fò sẹ́yìn. "Jésù! Ta nìyẹn?"

"Ẹyẹ ni," Bàbá Bilal dáhùn, ojú rẹ̀ le. "Wallahi, apá kòtò ọ̀nì ló ń fò lọ, ọmọ náà sì lè tẹ̀ lé ohùn rẹ̀. Wáyà ibẹ̀ sì ti ya."

Ìgbà yẹn ni Lois rántí ohun tí ìyá àgbà wọn máa ń sọ lẹ́yìn àdúrà ìdájí: "Bí ẹni tí ẹ kò rí bá pe orúkọ yín, ẹ má dáhùn. Oríkì ni ará ilé yín á fi pè yín." Ephraim kò ní dáhùn láé! Bí òun bá ṣe ń pariwo tó ni ọmọ náà yóò máa sá pamọ́ tó.

Ṣùgbọ́n níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Hausa nìkan ni Lois máa ń sọ, kí wọ́n má baà fi Yorùbá ilé wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wo Jádesọ́lá. Ó sáré lọ sí apá kòtò náà, ó kúnlẹ̀ sínú eruku.

"Àjàní o! Àjàní o!
Ọmọ tí a fàdúrà jà kí a tó ní,
A-jí-fi-orin-kí-Olúwa,
Ará ilé rẹ ló ń pè ọ́ o!"

Nínú àgò òfìfo kan létí kòtò ọ̀nì, ohùn tín-ín-rín jáde: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀yin ni?"

Ephraim ká jọ síbẹ̀, ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu rẹ̀. "Mò ń wá yín ni. Ohùn yín wá ń rìn lórí igi. Mo dákẹ́ bí ìyá àgbà ṣe kọ́ wa."

Lois gbá a mọ́ra, ó ń sunkún. Ó ti yé e: yẹ̀yẹ́ ọ̀rẹ́ kì í dọ̀la, ṣùgbọ́n ẹni tí a tìtorí yẹ̀yẹ́ fi sílẹ̀ lè má dọ̀la pẹ̀lú wa.

Bí wọ́n ṣe yí padà láti máa lọ, ohùn kan rọra sọ lókè orí wọn: "Àjàní o! Àjàní o!"

Ephraim gbójú sókè wo ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó pa dé.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ di ọwọ́ mi mú."