Pérégún Etí Ìsun Omídùn

Ọjọ́ tí Akíntóyè kọ́kọ́ rí Ṣìkẹ́mi, inú omi ni ọmọbìnrin náà wà, ẹrẹ̀ mù ún dé orúnkún, ó ń fa ọ̀rá píọ̀ wọ́tà jáde nínú ìsun Omídùn, ó sì ń bú ẹni tó dà á síbẹ̀.

"Ẹni tó mu omi tán tó wá ju ọ̀rá rẹ̀ sínú omi, ṣé orí ẹ̀ pé báyìí?"

"Ẹ kú iṣẹ́ o," Akíntóyè ní, ẹ̀rín ń pa á. "Ṣé ẹnu ò tíì dùn yín ni?"

"Ẹ wá bá mi di àpò yìí mú jàre, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró tẹ́ ẹ̀ ń wòran."

Ó di àpò mú. Kí n má parọ́ fún yín, ọkàn rẹ̀ ti lọ pátápátá.

Tíṣà ni Akíntóyè ní Oǹdó. Òun ló kó àwọn ará àdúgbò jọ tí wọ́n ń tún ìsun náà ṣe ní gbogbo Sátidé, láìgba kọ́bọ̀, torí omi yẹn ni àwọn tó tẹ àdúgbò náà dó kọ́kọ́ mu, kò sì gbẹ rí. Ijapo, àdúgbò àwọn olówó l'Ákùúrẹ́, ni Ṣìkẹ́mi ń gbé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló mú un wá. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún ń mú un wá mọ́, fúnra rẹ̀ ló ń wọkọ̀. Kí ọdún tó yí po, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni wọ́n ń sọ.

Ìgbà náà ni nǹkan yíwọ́. Ní Sátidé kan, Ṣìkẹ́mi ṣáájú àwọn yòókù dé. Ó fẹ́ kí inú olólùfẹ́ rẹ̀ dùn, ló bá mú àdá, ó ṣán apá òkè ìsun mọ́ féú. Ó hú pérégún tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó sì dáná sun ún. Háà, ọmọ Ijapo! Òdòdó ojúlé lásán ni pérégún lójú tirẹ̀. Kò mọ̀ pé ààlà tí bàbá àgbà Akíntóyè gbìn ni, láàárín ilẹ̀ ìsun àti ilẹ̀ bàbá Akíntóyè.

Bàbá yìí sì ti rí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ náà kọ́ ilé epo, kìkì pé ilẹ̀ ò fẹ̀ tó. Bó ṣe rí i pé ààlà ti lọ, ó ní ilẹ̀ òun dé etí omi. Àwọn àgbà àdúgbò pe ìpàdé. Bàbá yìí àti Akíntóyè ọmọ rẹ̀ nìkan ló mọ ojú ààlà gan-an.

"Bó o bá yanu níbẹ̀," ó sọ fún Akíntóyè, "wá bàbá mìíràn tó máa bá ọ tọrọ ìyàwó l'Ákùúrẹ́."

Akíntóyè wọkọ̀ lọ bá Ṣìkẹ́mi. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé bàbá Ṣìkẹ́mi ò ní fi ọmọ fún ẹni tí bàbá rẹ̀ wà láàyè tí kò bá a wá.

"Màá dákẹ́," Akíntóyè ní. "Mi ò lè pàdánù ẹ."

"Tó o bá dákẹ́, mi ò ní fẹ́ ẹ. Báwo ni màá ṣe máa wo ojú ẹ?" Omi bọ́ lójú Ṣìkẹ́mi. "Èmi ni mo bà á jẹ́, ayọ̀ mi. Jẹ́ kí n lọ bẹ̀ wọ́n."

"O ò mọ bàbá mi."

"Àwọn náà ò mọ̀ mí."

Lọ́jọ́ ìpàdé, Ṣìkẹ́mi ru igi pérégún tútù dé, ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá náà níṣojú gbogbo èèyàn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi ni mo hú ohun tí bàbá yín gbìn, àìmọ̀ ni. Mo ti mú òmíràn wá. Ibi tẹ́ ẹ bá fi hàn mí ni màá gbìn ín sí, kò sẹ́ni tó máa bá yín jiyàn."

Akíntóyè dìde. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, Ṣìkẹ́mi fi ojú bẹ̀ ẹ́ kó ní sùúrù.

Bàbá gba igi kan. Ó rìn dé etí omi, ó dúró. Ẹnikẹ́ni ò lè dá a lẹ́kun bó bá rì í mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ó rántí pé nígbà tí bàbá òun ń gbin pérégún wọ̀nyẹn, òun lòun ń gbé igi tẹ̀ lé e, ojú sì tì í gan-an. Ó yí padà, ó gun òkè lọ, ó fi igi náà gúnlẹ̀ níbi tó yẹ.

"Ibí ni," ó ní.

Ṣìkẹ́mi ń gbẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. Akíntóyè kúnlẹ̀ tì í, ó ń bá a gbẹ́ ẹ. Bàbá wo àwọn méjèèjì títí.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé fóònù bàbá rẹ ń lọ?"

"Ó ń lọ, sà."

"Pè wọ́n. Sọ fún wọn pé àwọn àna wọn ń bọ̀ láti Oǹdó."